Nọ́ọ̀tì Mọ́kànlá

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ọmọ́tádé,
ó ti ń bá mi ṣa kókó tó bu kúrò nínú èyí tó dára
lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé wa l'Ókè-Lísà, l'Óǹdó.
Mi ò kọ́ ọ. Ọwọ́ mi ló wò lẹ́ẹ̀kan.
Bí oòrùn bá yẹ̀ díẹ̀, yóò gbé ìbéèrè dé:
"Yèyé, ṣé òjìji ló ń lé oòrùn,
àbí oòrùn ló ń lé òjìji?"
Mo ní, "Lọ jẹun."

Kì í sùn lọ́sàn-án.
Aṣọ tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ń họ ọ́ lọ́rùn,
yóò bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín ìsìn.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀,
òun jókòó ti Bàbá Fádáyọ̀mi, káfíńtà tí etí rẹ̀ ti di,
àwọn méjèèjì ń ka ìlà ara téèpù.
Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, níwájú ìyá ìjọ,
ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ Yèyé ní ẹgbẹ̀rin náírà,
lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ wa bímọ."
Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.
Èmi ti gbàgbé owó náà, ẹni tó jẹ ẹ́ náà ti gbàgbé.
Ó san án.

Tíṣà wọn ránṣẹ́ pè mí.
Ó ní kì í jẹ́ kí ìbéèrè délẹ̀ kó tó dáhùn,
lẹ́yìn náà yóò kọjú sí fèrèsé
bí ẹni tí wọ́n ti san owó ọjà rẹ̀.
Mo ní kó má bínú, agídí ìdílé bàbá rẹ̀ ni.
Ta sì ni ìdílé bàbá rẹ̀, bí kì í ṣe èmi?

Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú,
kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú:
mo ti pa òwe yẹn níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọlọ́mọ,
wọ́n tilẹ̀ fún mi lówó.
Nínú ilé tèmi, àìgbọ́ràn ni mo pe ṣámúṣámú,
mo sì gé pàṣán sílẹ̀ dè é.

Àná ni mo ti oko dé
tí mo bá aago ara ògiri nílẹ̀, ìfun rẹ̀ níta,
aago tí ọkọ mi rà lọ́dún tí kókó gbówó lórí.
Mo ti gbọ́wọ́ sókè
kí ojú mi tó bọ́ sórí ẹní:
nọ́ọ̀tì mọ́kànlá, ó tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù
títí dé èyí tó kéré bí ẹyin eèrà,
àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Mo ti rí ẹní yìí rí.
Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, rédíò ni.
Akínṣọlá, bàbá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà.
Rédíò tó tú ni mo rí nígbà náà, mi ò rí ẹní.
Mo nà án títí àwọn ará ilé fi dọ̀bálẹ̀.
Kò fọwọ́ kan nǹkan tó ní wáyà mọ́.
Alùpùpù ló ń gùn l'Ákùrẹ́ báyìí, Ìjọ̀ka sí Òkè-Àró;
bó bá bà jẹ́, mẹkáníìkì ló ń gbé e fún.

Ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀, mo fi mú fóònù.
"Akínṣọlá, rédíò ọjọ́sí,
kí lo ń wá nínú rẹ̀?"
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
"Màmá, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.
Nígbà tí mi ò rí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà.
Ó ku nọ́ọ̀tì méjì tí ẹ fi wọlé."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ
fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.
Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọmọ́tádé ò tilẹ̀ gbójú sókè.
"Yèyé, ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì síbí."
Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ń ké, mo tàn án.

Aago náà ti padà sára ògiri.
Ó ń fi ìṣẹ́jú méje sáré ṣáájú,
nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́
tí àwa méjèèjì ò mọ ibi tó ti wá.